Dókítà Púpọ̀, Ọkàn Kan: Àgbéyẹ̀wò Ìpinnu Ìtọ́jú Láti Ìníṣà

Bí ẹ bá gba ọ̀nà tó ti Òṣogbo wá, tó gba Ìkìrun kọjá sí Ìníṣà àti Òkukù kó tó forí lé Ọ̀fà, ẹ ó rí i pé wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti di ohun tó wọ́pọ̀. Kẹ́míìsì ń wọ̀n ọ́n, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ń wọ̀n ọ́n, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí náà a máa pe àwọn elétò ìlera wá wọ̀n ọ́n fún èèyàn. Kéèyàn mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru kò nira bíi ti àtijọ́. Ohun tó kù tó le ni èyí: ta ni yóò pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí i? Ṣé dókítà ọkàn ni, àbí ti kíndìnrín, àbí ti aboyún, àbí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, àbí ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Lójú tèmi, oògùn àti ìmọ̀ tó lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ti wà nílẹ̀. Ẹni tó máa kó ìpinnu gbogbo wọn jọ sójú kan ni kò sí.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe rí ná. Ìníṣà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Òkukù. Ìkìrun ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Ohun tó sún mọ́ àwọn ará ibẹ̀ jù ni ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké, àti kẹ́míìsì. Bí ọ̀rọ̀ bá wá le, ọ̀nà pín sí mẹ́rin: ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ti Yunifásítì Ìlọrin. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ti Ifẹ̀ àti Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni ti Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí ọmọ tàbí àbúrò aláìsàn bá ń gbé ló sábà máa ń sọ èyí tí wọ́n máa gbé e lọ. Ó lè dé méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn láàárín ọdún kan, fáìlì rẹ̀ kò sì ní bá a kúrò níbì kankan. Dókítà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i á bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn oníṣègùn gbà pé àrùn yìí kàn wá rárá. Ní 1929, dókítà òyìnbó kan, C. P. Donnison, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí òun tọ́jú ní Kẹ́ńyà, òun kò rí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ. Lára àwọn tó já irọ́ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ ìwé wọn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà jáde ní 1972. Àwọn náà ni wọ́n ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí àrùn tí kì í ranni jákèjádò Nàìjíríà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1997: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, bíi 11 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ṣùgbọ́n àmì tí ìgbìmọ̀ náà lò ni 160 lókè. Lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 140 lórí 90 ṣe ààlà, nígbà tó sì di 2017, àwọn dókítà Amẹ́ríkà fà á wá sí 130 lórí 80. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 150 kò ní àrùn kankan nínú àbọ̀ 1997. Lónìí, aláìsàn ni. Kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. Ìpinnu àwọn èèyàn kan ló yí padà, ó sì yẹ kí aráàlú mọ̀ pé báyìí ni ìṣègùn ṣe rí: ibi tí ẹ̀rí bá dé ni wọ́n ń fa ìlà sí.

Ní 1997 kan náà, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí mo ka sí pàtàkì gan-an. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn èèyàn dúdú láti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù dé àwọn erékùṣù Kàríbíà, dé Maywood nítòsí Chicago. Igbó-Ọrà, nílẹ̀ Yorùbá níbí, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bíi 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ní Kàríbíà ó di 26. Ní Maywood ó di 33. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Oúnjẹ, ìsanra, iyọ̀ àti wàhálà ayé ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé àjogúnbá lásán ni ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú bá ti pẹ́ lára, ọkàn ló kọ́kọ́ ń sanwó rẹ̀. Ní 2012 ni àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF jáde. Ó dá lórí 1,006 aláìsàn tí ọkàn wọn kò lè fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, láti ilé ìwòsàn méjìlá ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ní Yúróòpù, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn; òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó dí, èyí tí àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù jù, kò fa ju bíi 8 lọ. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó orúkọ irú àwọn aláìsàn yìí jọ, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ló síwájú gbogbo ohun tó ń fà á. Èèyàn tó jẹ́ ọdún 52 ṣì ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Òun ló ń roko, òun ló ń ná ọjà. Ohun tó ń pa á sì jẹ́ ohun tí oògùn olówó pọ́ọ́kú lè dá dúró bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Oògùn wo? Ìbéèrè yìí gan-an, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti dáhùn rẹ̀. Ní 2019, Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ CREOLE jáde: aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nísàlẹ̀ Sàhárà. Oògùn méjìméjì ni wọ́n fi wéra. Èyí tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù, yálà wọ́n pa á pọ̀ mọ́ oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ tàbí mọ́ perindopril. Ní 2024, Ojji kan náà fi hàn láti Àbújá pé tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó ní oògùn mẹ́ta nínú, tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré, ń fa ìfúnpá wálẹ̀ ju ìtọ́jú tí wọ́n sábà máa ń fún aláìsàn lọ. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ tí a yá. Láàárín wa níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Ibi tí ìpinnu ti ń dàrú jù ni ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá rọ lójijì. Ilé tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ ṣe nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fún un ní aspirin. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n bẹ́ nifedipine sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè wálẹ̀. Méjèèjì lè pa á. Àrùn rọpárọsẹ̀ méjì ló wà: nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dí nínú òpó rẹ̀, nínú èkejì, òpó bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn nínú ọpọlọ. Nínú ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2018 lórí 2,118 aláìsàn ní Nàìjíríà àti Gánà, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ni òpó wọn bẹ́. Aspirin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ á mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ máa ṣàn. Kò sì sí ojú lásán tó lè fi ìdánilójú ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bó ti wù kí dókítà náà gbọ́n tó. Àwòrán ọpọlọ tí ẹ̀rọ CT ń yà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ti fífa ìfúnpá wálẹ̀ lójijì, bó bá jẹ́ pé òpó dí ni, ẹ̀jẹ̀ tó ga yẹn ló ṣì ń tì oúnjẹ lọ sí apá ọpọlọ tí kò tíì kú. Ìlànà ìtọ́jú ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí kò bá kọjá 220 lórí 120, àfi bí wọ́n bá fẹ́ lo oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Láti 1996 ni àwọn oníṣègùn ti kọ̀wé pé kí wọ́n jáwọ́ nínú nifedipine abẹ́ ahọ́n, síbẹ̀ àṣà náà kò tíì parẹ́ tán.

Ohun tó yẹ kí ará Ìníṣà ṣe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: kí wọ́n wo aago, kí wọ́n rántí ìgbà tí ara rẹ̀ dá gbẹ̀yìn, kí wọ́n má fún un ní ohunkóhun lẹ́nu, kí wọ́n sì gbé e lọ tààrà sí ibi tí ẹ̀rọ CT wà. Ilé ìwòsàn tí kò ní i kò ṣẹ̀ bó bá tètè kọ̀wé kó sì jẹ́ kó máa lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó dá a dúró di ọjọ́ kejì.

SIREN tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin ọlọ́jà gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló síwájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé náà wà lára àwọn ohun tó kọ sílẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó kún ọjà wa!

Ti aboyún tún yàtọ̀. Obìnrin tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ lisinopril kó tó lóyún gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, torí ó ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Methyldopa, nifedipine tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lára tàbí labetalol ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá ga, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, gìrì lè dé nígbàkigbà. Magnesium sulphate ni oògùn rẹ̀. Ìwádìí Magpie ti 2002, tí àwọn aboyún Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù sí nǹkan bí ìdajì. Agbẹ̀bí tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kó tó gbé e sọ́kọ̀.

Ẹ̀yìn ìbímọ ni wọ́n ti ń gbàgbé. Obìnrin náà bí, gbogbo ayé bá a yọ̀, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò lè sùn gbọrangandan mọ́ torí èémí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń wúkọ́ lóru. Wọ́n á ní òtútù ló mú un, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, wọ́n á ní ọ̀tá ilé ni. Àrùn ọkàn kan wà tó jẹ́ pé oṣù tó gbẹ̀yìn oyún títí di oṣù karùn-ún lẹ́yìn ìbí ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Kánò wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i jù lọ lágbàáyé, níbi tí Kamilu Karaye ti ń ṣèwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ sí òkè Ọya. Dókítà aboyún ti yọ̀ǹda obìnrin yìí, dókítà ọkàn kò tíì rí i, nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń rí i déédéé. Ojú ọmọ nìkan ni nọ́ọ̀sì náà ń wò. Bí a bá ní kó wọn ìfúnpá ìyá, kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì bi í bó ṣe ń sùn, kò ní gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín fínnífínní. Ẹ mú ìyá àgbà kan láti inú àwọn tó máa ń gbé oògùn wọn wá sí ilé ìwòsàn nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ tú u sórí tábìlì. Páálí amlodipine 10 wà níbẹ̀. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ rẹ̀, amlodipine náà ni. Ìlú méjì ni wọ́n ti kọ wọ́n fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú torí rẹ̀, dókítà kẹta rò pé ọkàn ni, ó fi oògùn ìtọ̀ sí i. Lisinopril wà níbẹ̀. Diclofenac wà níbẹ̀ fún orúnkún, piroxicam tí wọ́n rà lọ́jà tẹ̀ lé e, dexamethasone kéékèèké tí wọ́n dì sínú bébà sì wà nísàlẹ̀ ọ̀rá. Diclofenac àti piroxicam ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n ń mú kí ara pa omi mọ́. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá bá lisinopril àti oògùn ìtọ̀ pàdé nínú arúgbó tí kò mu omi tó, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Dexamethasone ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà sókè pọ̀. Kò sí ẹni tó ṣìṣe nínú àwọn dókítà wọ̀nyí bí ẹ bá wo tẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni orúnkún wo orúnkún, ẹni ọkàn wo ọkàn. Ìyá nìkan ni gbogbo rẹ̀ pàdé lára wọn, wọn kò sì mọ̀wé.

Ti làkúrègbé yìí dùn mí jù, torí ní àdúgbò tí iṣẹ́ oko pọ̀ sí, ìrora eegun ni ohun tí àgbàlagbà kọ́kọ́ ń ná owó lé. Paracetamol, ìpara tí wọ́n ń fi pa orúnkún, àti dídín ìsanra kù kò lágbára lójú aláìsàn tó abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ewu wọn fún ọkàn kéré sí ti diclofenac.

Kíndìnrín ní ìtàn tirẹ̀ láàárín wa. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi kan lára àbùdá àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ lára ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín Yorùbá. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ìtọ̀ olówó kékeré fi yẹ kó máa tẹ̀ lé ìfúnpá gbogbo.

Dókítà ojú náà a máa rí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú òpó ẹ̀yìn ojú kí aláìsàn tó mọ̀ pé òun ní i. Oníṣègùn eyín a máa rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ eyín rẹ̀ kò dá torí oògùn ọkàn tó ń lò. Ẹni tó ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ náà ní láti pinnu. Àwọn dókítà ìlú ọba gbà láàárín ara wọn ní 2016 pé bí ìfúnpá kò bá kọjá 180 lórí 110 lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí wọ́n má ti iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ti kánjúkánjú síwájú torí rẹ̀ nìkan. Ó yẹ kí a tẹ̀ lé e níbí, torí ẹni tí wọ́n bá dá padà pẹ̀lú ìpákè lè má rí owó ọkọ̀ padà wá.

A kò lè yọ oníṣègùn ìbílẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ń pinnu. Aṣọfẹ́yẹjẹ tí àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú wèrè ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní reserpine. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ Switzerland yọ ọ́ láti inú ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, ó sì wà lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àkọ́kọ́ lágbàáyé. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ewu rẹ̀ fi wà: bí ẹni tó ń mu àgbo rẹ̀ bá tún ń lo amlodipine, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ sì ṣubú, bó bá pẹ́ lára, ó lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wá. Dókítà tó bá fi àgbo bú aláìsàn kò ní gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn ẹbí sì wà. Nílẹ̀ wa, ẹni tó ń sanwó ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àbíkẹ́yìn tó wà ní London á pe fóònù, á ní kí wọ́n dá oògùn kan dúró torí ohun tó kà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó á ní kí wọ́n gbé bàbá wá. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera, Ọ̀ṣun sì ní ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń ra oògùn lóṣooṣù. Bí owó bá tán, oògùn dúró. Ìpinnu nìyẹn náà, kò sí dókítà tó fọwọ́ sí i.

Ta ló yẹ kó wá di ìpinnu náà mú? Èmi kò rò pé ó yẹ kó jẹ́ dókítà ọkàn. Wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti jápa. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ni mo fọwọ́ sí. Láti 2014 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà tó gbà kí wọ́n pín iṣẹ́ dókítà fún wọn. Ní 2020, ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò ìdarí ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ògùn àti Kánò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2021 sì sọ ọ́ kedere pé nọ́ọ̀sì àti apòògùn lè kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, tí wọ́n ní ìlànà tó ṣe tààrà, tí dókítà sì ń bojú tó wọn. Ó tún ní kí àìsí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ má ṣe dá oògùn dúró. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọjá agbára wọn ni kó lọ sí Òṣogbo tàbí Ifẹ̀, kó sì padà sọ́dọ̀ wọn.

Nítorí náà, mo ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn àti Ifẹ́lódùn: kí wọ́n gbé irú ètò Ògùn wá síbí, kí wọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì kan tí gbogbo ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀, dókítà kíndìnrín, ti ojú, ti aboyún, ti eyín, máa kọ ohun tó pinnu àti oògùn tó fún un sí. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń lo oògùn má dúró de ìjọba. Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí, ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn wọn sínú rẹ̀, títí kan àgbo, kí ẹ sì rí i pé wọn kò wọ ọ́fíìsì dókítà kankan láìmú un dání.